Kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì lórí bí ààrẹ ṣe ń yan mínísítà: ẹ gbọ́ tẹnu mi kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀

Mo ti parí ẹ̀ o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi jókòó ti kọ́ọ̀sì yìí, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn bí àwọn olórí ìjọba káàkiri ayé ṣe ń yan mínísítà àti bí wọ́n ṣe ń bá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pín agbára, mo sì ti ṣèlérí fáwọn kan pé tí mo bá ṣe é tán màá wá sọ bó ṣe rí, torí náà ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún gùn díẹ̀. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é, torí èmi pẹ̀lú wọn ṣì ń fa ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ lórí máàkì mi, màá débẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú: ìràwọ̀ mẹ́ta àtààbọ̀ nínú márùn-ún. Gémù tí wọ́n gbé sínú ẹ̀ ló gba méjì níbẹ̀, ẹnu olùkọ́ obìnrin tó ń sọ ìtàn fún wa ló gba ìkan, ààbọ̀ yẹn mo kàn fi ṣàánú wọn ni.

Àbúrò mi ọkùnrin ló kó mi sí i. Èmi pẹ̀lú ẹ̀ jọ ń wo ìròyìn lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní wọ́n ti sọ aṣòfin kan di mínísítà lórílẹ̀-èdè kan, mo ní áà, á fi àga ẹ̀ sílẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ nìyẹn. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, níbẹ̀ yẹn wọn ò lè sọ yín di mínísítà àfi tẹ́ ẹ bá ti jẹ́ aṣòfin." A fa á títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sẹ́ni tó gbà fẹ́nì kejì. Nígbà tí mo wá wádìí ẹ̀, àwa méjèèjì la tọ̀nà, orílẹ̀-èdè tí kálukú wa ní lọ́kàn ni ò dọ́gba. Bí mo ṣe forúkọ sílẹ̀ nìyẹn, òun náà sì yọ́ lọ forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn mi láì sọ fún mi, ẹ máa gbọ́ ibi tí ìyẹn já sí.

Bí wọ́n ṣe tò ó rèé: fídíò ló pọ̀ jù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ìwé kíkà díẹ̀, kúìsì ní ìparí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gémù ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìdánwò ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá kọ́ òfin, ẹni tó bá ti lè ka ìwé ìròyìn lè ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ kìíní ò fi bẹ́ẹ̀ ládùn. Wọ́n kàn ń tún un sọ ṣáá pé ọ̀nà ńlá méjì ló wà, ìkan ni ti ibi táwọn ará ìlú ti ń dìbò yan ààrẹ lọ́tọ̀, tí wọ́n ń dìbò yan aṣòfin lọ́tọ̀, irú Amẹ́ríkà, Nàìjíríà àti Brazil, èkejì ni ti ibi tó jẹ́ pé inú ilé ìgbìmọ̀ gan-an ni ìjọba ti ń jáde wá, irú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Íńdíà. Fídíò mẹ́rin lórí nǹkan tí ìkan ṣoṣo tó sọ! Àmọ́ téèbù kan wà ní ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn tí mo ya fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù, òun ló parí ìjà èmi àti àbúrò mi. Ní Netherlands, èèyàn ò gbọdọ̀ jẹ́ mínísítà kó tún jẹ́ aṣòfin, bẹ́ẹ̀ sì rèé ọwọ́ ilé ìgbìmọ̀ náà ni ẹ̀mí ìjọba wọn wà. Ní Kenya, látìgbà tí wọ́n ti ṣe òfin tuntun lọ́dún 2010, aṣòfin ò lè jẹ́ mínísítà mọ́, wọ́n sì fi òdiwọ̀n sí iye mínísítà, wọn ò gbọdọ̀ dín ní 14, wọn ò gbọdọ̀ ju 22. Ní South Africa, inú ilé aṣojú ni ààrẹ ti gbọ́dọ̀ ṣa mínísítà ẹ̀, ẹni méjì péré ni wọ́n gbà á láyè kó mú níta. Ghana ní tiẹ̀ wá lú méjèèjì pọ̀, ará ìlú ló ń yan ààrẹ, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú mínísítà ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ aṣòfin. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, torí òfin kan wà níbẹ̀ láti 1975 tó ní àwọn mínísítà tó lè jókòó kí wọ́n sì dìbò nínú House of Commons, ìyẹn ilé aṣojú wọn, ò gbọdọ̀ ju 95 lọ. Ẹ gbọ́ ná, 95! Tí ò bá sí òfin yẹn, olórí ìjọba á kàn máa pín oyè mínísítà kékeré kékeré káàkiri ẹgbẹ́ ẹ̀ títí tí ò fi ní sẹ́ni tí ẹnu ẹ̀ gbà á láti bi í léèrè ọ̀rọ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì lojú mi wá là. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bí àwọn aṣòfin ṣe ń yẹ ẹni tí ààrẹ mú wò kí wọ́n tó bọ́ǹtẹ̀ lù ú, olùkọ́ obìnrin yẹn dẹ̀ mọ ìtàn sọ, ẹ má parọ́. Ẹ jẹ́ n sọ ìkan fún yín. Lọ́dún 1925, Ààrẹ Calvin Coolidge ti Amẹ́ríkà mú Charles Warren pé kó wá ṣe agbẹjọ́rò àgbà ìjọba. Igbákejì ààrẹ, Charles Dawes, ló ń darí ìjókòó sẹ́nétì, nǹkan kan ṣoṣo tó sì lágbára láti ṣe níbẹ̀ tó tún ní láárí ni pé tí ìbò bá dọ́gba, kó fi tiẹ̀ tú u. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ó bi àwọn àgbààgbà ilé bóyá wọ́n máa dìbò, wọ́n ní rárá o, àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ nílẹ̀. Ọ̀gá bá gba òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀ lọ, ó lọ sùn. Bó ṣe yẹ̀yìn báyìí, àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ní àwọn ò sọ mọ́, ni wọ́n bá dìbò: 40 sí 40. Wọ́n sáré pè é, ó kó sínú takisí, eré burúkú, àmọ́ kó tó wọlé, sẹ́nétọ̀ kan tó ti dìbò fún Warren tẹ́lẹ̀ ti yí ìbò ẹ̀ padà, ó ti di 41 sí 39, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Coolidge tún fi orúkọ ọkùnrin kan náà ránṣẹ́, wọ́n tún dá a padà fún un. Bí obìnrin yẹn ṣe ń sọ ọ́, ó dà bíi pé mò ń gbọ́ kò-kò-kà bàtà Dawes lórí àtẹ̀gùn.

Ó tún sọ ti Caleb Cushing, tí Ààrẹ John Tyler mú fún iṣẹ́ ìṣúná ní 1843, tí sẹ́nétì kọ̀, tí ààrẹ tún dá orúkọ ẹ̀ padà, tí wọ́n tún kọ̀, ó tún dá a padà, wọ́n tún kọ̀ ọ́, ìgbà mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Irú orí kunkun wo nìyẹn?

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kò jẹ́ kí ìtàn yẹn tàn wá jẹ. Ó ní ká má rò pé bí wọ́n ṣe máa ń kọ̀ wọ́n nìyẹn. Látọjọ́ tí Amẹ́ríkà ti ń ṣe é bọ̀, àwọn tí sẹ́nétì dìbò kọ̀ fún ipò kábínẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn mínísítà ààrẹ, ò pé mẹ́wàá, ẹni tó kẹ́yìn ni John Tower lọ́dún 1989, 53 sí 47. Tí wọ́n bá ti rí i pé ìbò ò ní jọ, ńṣe ni wọ́n ń yọ orúkọ wọn kó tó di ìtìjú. Àwọn tó wá rọ́gbọ́n dá, bíi Betsy DeVos ní 2017 àti Pete Hegseth ní 2025, ìbò dọ́gba 50 sí 50, igbákejì ààrẹ ló tú u. Ó jọ pé lọ́tẹ̀ yìí wọn ò jẹ́ kí igbákejì lọ sùn.

Apá tó sọ nípa ìgbà tí ilé bá dákẹ́ ni mo wá rò jù, títí di báyìí mo ṣì ń rò ó. Ní Amẹ́ríkà, tí ààrẹ bá fi orúkọ ránṣẹ́ tí sẹ́nétì ò bá sọ nǹkan kan, ẹni yẹn kàn máa ta gbọ̀ọ́rọ́ síbẹ̀ ni, kò di mínísítà. Ní Nàìjíríà, òfin 1999 sọ pé tí 21 ọjọ́ iṣẹ́ bá kọjá lẹ́yìn tí orúkọ dé ọwọ́ sẹ́nétì tí wọn ò fèsì, ó ti di mínísítà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà o, dídákẹ́, níbì kan ó ti gbà, níbòmíràn ó ti kọ̀! Èmi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó wá fi kún un pé kò sí àkókò tí òfin Nàìjíríà dá fún ààrẹ fúnra ẹ̀ láti fi orúkọ ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí Ààrẹ Buhari fi búra ní ìparí oṣù kárùn-ún 2015 tó sì di oṣù kọkànlá kí àwọn mínísítà ẹ̀ tó búra. Ọdún 2023 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún òfin ṣe pé kò gbọdọ̀ ju 60 ọjọ́ lọ. Ààrẹ tó wọlé lọ́dún yẹn fi orúkọ 48 ránṣẹ́, 45 ni sẹ́nétì fọwọ́ sí, mẹ́ta dúró síbẹ̀.

Wọ́n sáré kọjá lórí South Korea, mi ò dẹ̀ mọ ìdí, torí ibẹ̀ mú mi lára gan-an: àwọn aṣòfin á jókòó, wọ́n á da ìbéèrè bo mínísítà tí wọ́n ń yẹ̀ wò, àmọ́ tí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ ẹ, ààrẹ ṣì lè yàn án! Olórí ìjọba wọn, ìyẹn prime minister, kì í ṣe ààrẹ, òun nìkan ni ìbò ilé ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ gbé wọlé. Brazil náà, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Ààrẹ ibẹ̀ ò nílò ìbò sẹ́nétì kankan láti yan mínísítà, àmọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú pọ̀ nílé ìgbìmọ̀ débi pé tí ò bá pín àga mínísítà fún wọn, kò sí àbádòfin kankan tó máa kọjá. Ààrẹ Lula bẹ̀rẹ̀ 2023 pẹ̀lú iléeṣẹ́ mínísítà 37. Òfin ò ní kó pín in o, ìṣirò ló ní kó pín in.

Ó yá, gémù.

Wọ́n ṣe orílẹ̀-èdè kan tí ò sí láyé, àga 150 ló wà nílé ìgbìmọ̀, ẹgbẹ́ yín ní 61, ẹ nílò 76, kábínẹ́ẹ̀tì dẹ̀ ní àga 18 tẹ́ ẹ máa kún. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni orúkọ àwọn èèyàn wà pẹ̀lú àwòrán wọn, ẹ máa fi ọwọ́ wọ́ wọn lọ sórí àga. Lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ bó ṣe mọ iṣẹ́ sí, ẹgbẹ́ tó wà, àti àwọn tó kórìíra ẹ̀. Mo kọ́kọ́ ṣe é bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ìbò, mo kó gbogbo ọlọ́pọlọ jọ, ẹni tó mọ ọrọ̀ ajé jù mo fi sí ìṣúná, dókítà sí ìlera, inú mi ń dùn. Mo tẹ "fi ránṣẹ́". Mẹ́sàn-án nínú méjìdínlógún ló padà wá pẹ̀lú àmì pupa. Kí ló dé? Mi ò fún ẹgbẹ́ kankan ní nǹkan kan ni! Ọlọ́pọlọ ò níbò.

Mo wá lọ bá ẹgbẹ́ Ewé, àwọn ní àga mẹ́wàá, wọ́n gba iléeṣẹ́ àyíká, kò sí wàhálà. Ó ku ẹgbẹ́ Òòrùn, àga mẹ́sàn-án péré, àwọn wọ̀nyí ló fojú mi rí màbo. Wọ́n ní iṣẹ́ àgbẹ̀ làwọn fẹ́ àti alága ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìnáwó wò. Mo wò ó pé àga mẹ́sàn-án, ẹnu gba ìlú, mo bá fún wọn ní mínísítà tí ò níṣẹ́ kan pàtó, oyè lásán. Wọ́n gbà á! Wọ́n tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nínú gémù náà. 61 pẹ̀lú 10 pẹ̀lú 9, 80, mo ti borí. Kábínẹ́ẹ̀tì mi kọjá, mo búra fún gbogbo wọn, mo lọ mu omi. Ó wá dọjọ́ ìṣúná. Mo tẹ "dìbò", pátákó yẹn ń ka nọ́ńbà lọ, 71 fún mi, 79 takò mí. Òòrùn ti lọ bá àwọn alátakò, torí àwọn yẹn ti ṣèlérí iṣẹ́ àgbẹ̀ fún wọn. Ìjọba mi ṣubú láàárọ̀ ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́rin. Mo ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ohun tó dáa jù nínú gémù yìí ni pé ẹ lè yí òfin orílẹ̀-èdè yẹn padà kẹ́ ẹ tún un ta. Mo fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà, Òòrùn pẹ̀lú oyè lásán wọn, gbogbo ẹ̀, òfin kan ṣoṣo ni mo yí: mo yàn án bíi ti Jámánì. Níbẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ ò lè kàn sọ pé àwọn ò fẹ́ olórí ìjọba mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ dìbò yan ẹlòmíì sípò ẹ̀ nínú ìbò kan náà. Ìṣúná tún ṣubú, 71 sí 79, bó ṣe rí lákọ̀ọ́kọ́. Àmọ́ àwọn 79 yẹn ò lè fẹnu kò lórí ẹni tí wọ́n máa fi rọ́pò mi, wọ́n ń jà láàárín ara wọn. Mo wà lórí àga! Ara mi ò yá, ìṣúná mi ti dà nù, àmọ́ mo wà lórí àga. Mo tún ìṣúná kọ, mo fi owó sí iṣẹ́ àgbẹ̀, ó kọjá.

Ibẹ̀ ni mo ti rí nǹkan tí kọ́ọ̀sì yìí ò sọ jáde, tí mo fi yọ ìràwọ̀ kan lára wọn. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko sọ ẹni tó ń yan mínísítà àti ẹni tó ń fọwọ́ sí i. Ẹni tó lè YỌ mínísítà, tó lè yọ olórí ìjọba gan-an, fídíò ìkan, ìṣẹ́jú méje, ọ̀sẹ̀ karùn-ún, nígbà tó ti rẹ gbogbo èèyàn. Bẹ́ẹ̀ gémù tí àwọn fúnra wọn ṣe ti fi hàn pé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ẹ̀ wà! Mínísítà tí sẹ́nétì fọwọ́ sí àmọ́ tó jẹ́ pé ààrẹ nìkan ló lè lé e lọ, ojú ta ló máa wò? Ojú ààrẹ ni. Gbogbo ìbéèrè tí àwọn sẹ́nétọ̀ bi í lọ́jọ́ kìíní ti tán lára ẹ̀.

Nínú ìṣẹ́jú méje yẹn, wọ́n kàn fẹnu ba ọ̀rọ̀ Andrew Johnson, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, ni, ìtàn tó yẹ kó gba ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́dún 1867, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣòfin pé ààrẹ ò lè dá nìkan yọ ẹni tí sẹ́nétì bá ti fọwọ́ sí. Johnson ní irọ́ ni, ó yọ mínísítà ọ̀rọ̀ ogun, Edwin Stanton, ní 1868. Stanton ò lọ. Ó ti ara ẹ̀ mọ́nú ọ́fíìsì! Ilé aṣojú bá gbé ààrẹ lọ síwájú sẹ́nétì pé kí wọ́n yọ ọ́, ìbò jẹ́ 35 sí 19, ìbò kan ṣoṣo ló dín kó pé ìdá méjì nínú mẹ́ta tí wọ́n máa fi yọ ọ́. Wọ́n pa òfin yẹn rẹ́ ní 1887, nígbà tó di 1926 ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sọ pé ààrẹ lágbára láti dá nìkan yọ irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ìjà ọgọ́ta ọdún lórí ta ló lè yọni, wọ́n wá fi ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ sọ ọ́. Mo kà á, mo wo aago.

Switzerland ńkọ́? Wọ́n dárúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èmi ni mo lọ ka ìyókù fúnra mi. Ẹni méje ló ń ṣèjọba níbẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ ló ń yan wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọdún mẹ́rin, láàárín ọdún mẹ́rin yẹn kò sí ìbò kankan tí wọ́n lè fi lé wọn. Àní tí ọdún mẹ́rin bá pé pàápàá, wọ́n sábà máa ń dá wọn padà ni, láti 1848, mẹ́rin péré ló fẹ́ padà tí wọn ò dá padà, méjì nínú wọn jẹ́ ti ayé wa yìí, Ruth Metzler ní 2003 àti Christoph Blocher ní 2007. Nítorí náà ẹgbẹ́ oríṣiríṣi ń jókòó pọ̀ sórí tábìlì kan láì sí pé ìkan ń bẹ̀rù ìkejì. Mo gbìyànjú ẹ̀ nínú gémù, kò sí níbẹ̀. Ẹ bá mi fi sí i o, ẹ jọ̀ọ́.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ máàkì. Nínú ìdánwò, ìbéèrè kan ní: ta ló lè yọ olórí ìjọba Faransé nípò? Mo ní ilé aṣojú. Wọ́n ní mo gbà á sódì, ààrẹ ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bínú! Òfin 1958 wọn sọ pé ààrẹ ló ń yan olórí ìjọba, àmọ́ ìgbà tí olórí ìjọba bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ni ààrẹ ń fòpin sí iṣẹ́ ẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ààrẹ lè kàn jí láàárọ̀ kó ní kó máa lọ. Tó bá jẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ ààrẹ ni, á kọ̀wé tí ààrẹ bá ti ní kó kọ ọ́, ìyẹn yé mi, ojú ni wọ́n ń wò. Àmọ́ láàárín 1997 sí 2002, nígbà tí Chirac jẹ́ ààrẹ tí Jospin ti ẹgbẹ́ kejì jẹ́ olórí ìjọba, ṣé Chirac lè ní kó kọ̀wé? Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi jọ jókòó. Ní December 2024, ìbò 331 nílé aṣojú ló gbé olórí ìjọba wọn, Michel Barnier, ṣubú, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta péré, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ mọ́ láti 1962. Kì í ṣe ààrẹ ló yọ ọ́ o, ààrẹ ló yàn án!

Mo kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí wọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n tó dá mi lóhùn, lẹ́tà tí ẹ̀rọ kọ, "a dúpẹ́ pé ẹ kàn sí wa". Mo tún kọ. Èèyàn gidi wá fèsì pé òótọ́ ni mo sọ, àwọn ti tún ìbéèrè yẹn ṣe. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ná.

Àwọn ìṣòro kéékèèké: gémù ò rántí ibi tẹ́ ẹ dúró sí tẹ́ ẹ bá fi ojú ìwé yẹn sílẹ̀, ìjọba mi méjì ló parẹ́ nítorí pé ẹnì kan pè mí lórí fóònù. Fídíò ọ̀sẹ̀ kẹta, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ti ìyókù lọ. Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìtumọ̀, torí wọ́n ní bọ́tìnnì kan tó máa ń tú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fídíò sí Yorùbá, inú mi dùn nígbà tí mo rí i, mo tẹ̀ ẹ́. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tó jáde: "Ààrẹ yan kọ́bọ́ọ̀dù tuntun." Mo ní kí lẹ sọ? Kábínẹ́ẹ̀tì ló sọ di kọ́bọ́ọ̀dù! Ó tún ní "gbohùngbohùn ilé náà dìde, ó ní kí gbogbo wọn dákẹ́", ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé olórí ilé ìgbìmọ̀, tí wọ́n ń pè ní "Speaker", ni wọ́n ń sọ. Ẹ má tẹ bọ́tìnnì yẹn tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ nǹkan, ẹ tẹ̀ ẹ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ta ni mo máa ní kó ṣe é? Ẹni tó máa ń bá èèyàn jiyàn lórí ìròyìn, tó sì fẹ́ mọ ìdí tí ààrẹ ibì kan fi ń bẹ̀bẹ̀ tí ti ibòmíì fi ń pàṣẹ. Olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní ẹ̀kọ́ ìjọba, gémù yẹn nìkan tó fún un. Ẹni tó ti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì, kó lọ tààrà sí ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìyókù á sú u. Ẹni tó bá sì ń wá bí mínísítà ṣe ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ lẹ́yìn tó bá ti búra, àwọn akọ̀wé àgbà tó ń bá, fáìlì, ìpàdé, kò sí níbẹ̀ rárá, ọjọ́ ìbúra ni wọ́n ti ń pa kámẹ́rà.

Ó ku ti máàkì mi. 70 ni wọ́n fi ń fún èèyàn ní sàtífíkéètì. 68 ni mo ní. Ìbéèrè Faransé yẹn, máàkì mẹ́rin ni. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó pọ̀. Mo ní ó dáa, ẹ ti gbà pé mo tọ̀nà, ẹ fi mẹ́rin mi kún un, ó di 72. Wọ́n ní rárá, àtúnṣe yẹn ò kan àwọn tó ti ṣe ìdánwò kọjá, kí n tún gbogbo ẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi tó yọ́ forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn mi, ẹ̀yìn tí wọ́n tún un ṣe ló jókòó ìdánwò tiẹ̀, ìdáhùn tí mo sọ fún un ló kọ, ó ní 81, ó ti tẹ sàtífíkéètì jáde, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀. Láàárọ̀ yìí ló yọjú sí mi, ó ní "ẹ̀gbọ́n mi, Sátidé lẹ fẹ́ tún un ṣe àbí? Ṣé kí n wá kọ́ọ yín ní ti Faransé yẹn?"